Ìwé ìlànà ilé-ìwé ọkùnrin aládàáni tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí wa: kí ni kí n fọwọ́ sí, kí ni kí n bèèrè?

Bàbá Àkọ́bí, Thamesmead

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ìmọ̀ràn ẹ̀yin tí ọmọ yín ti gba ọ̀nà yìí kọjá ni mo ń wá.

Àkọ́bí mi yóò wọ Year 7, kíláàsì àkọ́kọ́ ní sẹ́kọ́ńdìrì, ní oṣù Kẹsàn-án, ní ilé-ìwé ọkùnrin aládàáni kan ní gúúsù London. Ó ṣe ìdánwò, wọ́n pè é fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, wọ́n sì fún wa ní bursary, ìyẹn ìrànwọ́ owó ilé-ìwé, tó gbé èyí tó pọ̀ jù nínú owó náà. Bí kì í bá ṣe ti bursary yẹn, èmi awakọ̀ bọ́ọ̀sì, ibo ni mo fẹ́ gbé e gbà? A dúpẹ́.

Ọ̀rọ̀ tó wà ńlẹ̀ rèé. Ìwé méjì ni wọ́n fi ránṣẹ́ lórí ímeèlì. Èkíní ni ìwé ìlànà fún òbí, ó gùn bí ọjọ́ ààwẹ̀. Èkejì ni àdéhùn tí èmi àti ìyá rẹ̀ máa fọwọ́ sí. Ìyàwó mi ní kí n tètè fọwọ́ sí i kí wọ́n má baà gbé àyè náà fún ọmọ ẹlòmíì. Mo ní rárá, mo fẹ́ mọ ohun tí mo ń ti ọrùn bọ̀.

Irun ni mo kọ́kọ́ rí. Wọ́n ní irun ọmọ kò gbọdọ̀ lọ sílẹ̀ ju nọ́mbà 2 kílípà lọ, kò gbọdọ̀ ní fade, ìyẹn kí ẹ̀gbẹ́ kéré ju òkè lọ, kò gbọdọ̀ ní ìlà. Ẹ gbọ́ ná! Nígbà tí mo wà ní ilé-ìwé ní Abẹ́òkúta, bí irun rẹ bá ti ṣeé fi ìka mú, tíṣà á fi sísọ́ọ̀sì la ọ̀nà sí i láàárín orí. Àwọn wọ̀nyí ní kò gbọdọ̀ kéré jù. Onígbàjámọ̀ wa ní Woolwich kò sì mọ ìgẹ̀ míì ju kó gẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ lọ.

Fóònù: wọn ò fẹ́ rí i láti ìgbà tó bá ti wọ géètì títí tó fi máa jáde. Bọ́ọ̀sì méjì ló máa wọ̀ kó tó dé ọ̀hún, mo sì fẹ́ mọ̀ pé ó ti gúnlẹ̀.

Oúnjẹ: kò sí ẹ̀pà, kò sí ohunkóhun tó ní ẹ̀pà nínú. Ó dáa, a ò ní fún un lẹ́pà. Ṣé ó tán nìyẹn?

Ìrìn-àjò: bàbá mi máa pé ọmọ 80 ọdún ní oṣù Kejìlá. Sátidé ni ayẹyẹ, ní Abẹ́òkúta. Ọjọ́ Jímọ̀ tó ṣáájú rẹ̀ gan-an ni ilé-ìwé máa pa. Ọjọ́bọ̀ ni mo fẹ́ ká fò.

Èyí tó kẹ́yìn, ẹni tó bá ọmọ náà sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò yìn ín gan-an, ó wá ní kì í wo ojú èèyàn. Àwa la kọ́ ọ kó má máa wo àgbà lójú! Kí ni ká wá ṣe?

Ìyá Ọmọkùnrin Mẹ́ta, Catford

Bàbá Àkọ́bí, ẹ kú oríire. Ọmọ yín á ṣe é, á sì yọrí.

Ọmọkùnrin mi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló gba irú ilé-ìwé bẹ́ẹ̀ kọjá, èmi fúnra mi sì ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìdáná ilé-ìwé, kì í ṣe èyí tí àwọn ọmọ mi lọ o. Nítorí náà mo mọ ọ̀rọ̀ yìí gẹ́gẹ́ bí òbí, mo sì mọ̀ ọ́n láti ẹ̀yìn káńtà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ẹ máa fi ka gbogbo ìwé yẹn. Nílé, ìgbà tí nǹkan bá bàjẹ́ tán la máa ń wá ẹni bẹ̀. A á mú àgbà kan dání, a á lọ bá ọ̀gá ilé-ìwé, bàbá á dọ̀bálẹ̀, ọ̀rọ̀ á tán. Níbí, ẹ̀bẹ̀ ọjọ́ kejì kì í ràn. Ìwé tí ẹ kọ ṣáájú ló ń ràn. Nǹkan tí wọ́n máa torí ẹ̀ fún ọmọ ní detention, ìyẹn kí wọ́n dá a dúró gẹ́gẹ́ bí ìjìyà, tí wọ́n á kọ lẹ́tà gbẹ̀fẹ̀-gbẹ̀fẹ̀ sí yín, tẹ̀rín-tẹ̀rín ni wọ́n á fi gbà á bí ẹ bá ti sọ ọ́ fún wọn ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú. Mo rí i títí ó fi sú mi.

Ó yá, ẹ̀pà. Ibẹ̀ ni mo fẹ́ pẹ́ sí, torí iṣẹ́ mi ni. Ẹ̀pà tí ẹ̀ ń rí lójú kọ́ ni wàhálà. Yájì tí wọ́n fi ń pa súyà lára ńkọ́? Kúlíkúlí tí wọ́n lọ̀ kúnná ló wà nínú rẹ̀. Ẹ bu yájì sára adìẹ tí ẹ dín lálẹ́, ẹ kó èyí tó kù sínú kúlà fún ọmọ láàárọ̀, ẹ ti gbé ẹ̀pà wọ ilé-ìwé nìyẹn. Ọmọkùnrin ló kún ibẹ̀, ẹ sì mọ̀ wọ́n, wọ́n á pín in jẹ láàárín ara wọn ni. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀ títí ètè ọmọ ẹlòmíì á fi bẹ̀rẹ̀ sí wú.

Lọ́jọ́ tí ilé-ìwé wa ṣe àjọ̀dún oúnjẹ oríṣiríṣi ìlú, ìyá kan gbé súyà wá, ó wé e sínú ìwé ìròyìn bí ti ìdí iná gan-an, ó tò àlùbọ́sà àti tòmátò sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo bi í léèrè ohun tó wà nínú yájì yẹn. Ó ní, "Ata lásán ni, mà." Mo fi ìka tọ́ ọ wò. Kúlíkúlí kedere! Mo gbé e kúrò lórí tábìlì, mo fọ ibẹ̀ pẹ̀lú omi ọṣẹ, mo pààrọ̀ ìbọ̀wọ́ mi. Ìyá yẹn kò kí mi mọ́ títí di òní. Ọmọ kan wà ní Year 8 wa tó jẹ́ pé abẹ́rẹ́ EpiPen rẹ̀, èyí tí wọ́n ń gún fún ọmọ bí oúnjẹ bá bá a jà, wà lára ògiri ọ́fíìsì nọ́ọ̀sì pẹ̀lú fọ́tò rẹ̀, òun ni mo ń rò.

Nǹkan 14 ni òfin oúnjẹ níbí ní ká máa dárúkọ bó bá wà nínú oúnjẹ. Ẹ̀pà wà níbẹ̀, kajú àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wà níbẹ̀ lọ́tọ̀, ẹja wà níbẹ̀. Edé tí ẹ̀ ń dà sínú ọbẹ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ yí kẹ́ẹ̀gì òróró yín wò dáadáa, òróró ẹ̀pà ni àwọn kan tó ń bọ̀ láti ilé. Bí ilé-ìwé bá ń fún wọn ní oúnjẹ ọ̀sán, ẹ jẹ́ kó jẹ tiwọn, kẹ́ ẹ fi ìrẹsì dè é nílé.

Irun: ẹ sọ fún onígbàjámọ̀ pé kó fi nọ́mbà 3 yí gbogbo orí po, kó má gẹ ẹ̀gbẹ́ kéré sí ìyẹn. Bó bá wu bàbá ọmọ kó rí i ní gígẹ̀ mọ́lẹ̀, ọjọ́ àkọ́kọ́ ìsinmi ni kó gẹ̀ ẹ́, á ti hù padà kí wọ́n tó wọlé. Ohun tí èmi ṣe fún ọdún pípẹ́ nìyẹn.

Àìsàn ni ẹ ò bèèrè, òun ló sì máa ń dá ìjà sílẹ̀ jù. Bó bá bì, tàbí tí inú rẹ̀ ń ṣe gbuuru, ó gbọ́dọ̀ wà nílé títí wákàtí 48 á fi pé lẹ́yìn èyí tó ṣe kẹ́yìn. Kì í ṣe lẹ́yìn èyí tó kọ́kọ́ ṣe o. Mo mọ̀ pé ẹ ní ṣíìfù, èmi náà ní. Ẹ má ṣe fún un ní paracetamol kí ẹ ní kó máa lọ. Agbára oògùn yẹn máa ń tán láago mọ́kànlá, ní àárín ẹ̀kọ́ ìṣirò, wọ́n á sì pè yín lórí stíárìn. Lójoojúmọ́ tí kò bá lọ, ẹ pe ọ́fíìsì kí wọ́n tó pe orúkọ láàárọ̀. Bí ẹ ò bá pè, àwọn ló máa wá yín kiri.

Fóònù: ẹ ra kékeré fún un, èyí tí kò ní íntánẹ́ẹ̀tì. Kó fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ ní ibùdókọ̀ tó kẹ́yìn, kó pa á, kó tó wọlé. Kò sí ohun ìtìjú níbẹ̀. Eton gan-an, ilé-ìwé ọmọ ọba, láti oṣù Kẹsàn-án 2024 ni wọ́n ti ń fún àwọn ọmọ tuntun wọn ní Nokia kékeré tí kò lè ṣe ju ìpè àti àtẹ̀jíṣẹ́ lọ.

Ti ojú wíwò, ẹ fọkàn balẹ̀. Mo sọ fún tèmi pé bí tíṣà bá ń bá ọ sọ̀rọ̀, wò ó lójú, bí a bá dé ọ̀dọ̀ màmá àgbà ní Ìjẹ̀bú-Igbó, gbé ojú sílẹ̀. Ọmọ gbọ́n jù wá lọ. Kó tó di ọjọ́ mélòó kan, wọ́n ti mọ ojú tó yẹ kí wọ́n gbé lọ síbi tó yẹ. Ṣùgbọ́n ẹ kọ ìlà méjì sí tíṣà kíláàsì rẹ̀ kó mọ̀ pé ọ̀wọ̀ ni, kì í ṣe pé ọmọ ń fi nǹkan pamọ́.

Ọmọ Ẹ̀gbá, Manchester

Mà, mo kí yín o. Gbogbo ohun tí ẹ sọ ló dáa, àyàfi ti irun. Ẹ ti tètè gbà fún wọn jù. Ta ló kọ òfin irun yẹn, irun ta ló sì ń rò nígbà tó ń kọ ọ́?

Òfin ìdọ́gba ti 2010 kan ilé-ìwé aládàáni náà. Ó ti pẹ́ tí ẹjọ́ irú èyí ti wà: ní 1983, House of Lords, tó jẹ́ ilé ẹjọ́ tó ga jù nígbà náà, dá ìdílé ẹlẹ́sìn Sikh kan láre, torí pé ọ̀gá ilé-ìwé aládàáni kan ní Birmingham ní òun ò ní gba ọmọ wọn àyàfi tó bá ṣí láwàní, tó sì gé irun rẹ̀. Ní 2011, ilé ẹjọ́ gíga tún sọ pé kò bófin mu bí ilé-ìwé kan ní àríwá London ṣe dá ọmọ ọdún 11 padà lọ́jọ́ àkọ́kọ́ rẹ̀ torí pé ó di irun. Àjọ tó ń rí sí ìdọ́gba kọ ìmọ̀ràn sí gbogbo ilé-ìwé ní oṣù Kẹwàá 2022 pé kí wọ́n yé fìyà jẹ ọmọ nítorí irun bí a ṣe bí i, tàbí irun dídì. Bàbá Àkọ́bí, ẹ bi wọ́n léèrè ní ìwé: ta ni òfin yìí yọ̀ǹda fún, báwo la sì ṣe ń gba ìyọ̀ǹda?

Ìyá Ọmọkùnrin Mẹ́ta, Catford

Ọmọ Ẹ̀gbá, ẹ ṣeun, òótọ́ lẹ sọ, mi ò bá yín jà. Bí ọmọ bá jẹ́ Dàda, tàbí tó jẹ́ pé irun dídì ni ìdílé wọn ń ṣe, kí wọ́n jà á dé òpin, èmi gan-an á tẹ̀lé wọn lọ. Ṣùgbọ́n ọmọ mi kejì, agbábọ́ọ̀lù kan ló rí lórí tẹlifíṣọ̀n tó fẹ́ jọ. Mi ò lè torí ìyẹn wọ ilé ẹjọ́. Ìbéèrè tí ẹ ní kí Bàbá Àkọ́bí bi ilé-ìwé yẹn dáa, kí ó bi wọ́n, nísinsìnyí tí ọmọ kò tíì wọlé.

Akọ̀wé Owó, Croydon

Ẹ ti sọ̀rọ̀ ẹ̀pà, ẹ sọ ti irun, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan ìwé kejì. Ọ́fíìsì owó ilé-ìwé aládàáni ni mo ti ń jẹun. Ìwé ìlànà ń yí padà lọ́dọọdún, kò sì sẹ́ni tó máa torí rẹ̀ gbé yín lọ sílé ẹjọ́. Àdéhùn yẹn ni wọ́n lè torí rẹ̀ gbé yín lọ.

Ẹ wá ibi tí wọ́n ti sọ̀rọ̀ nípa ìfitónilétí táàmù kan odidi. Ohun tó túmọ̀ sí ni pé bí ẹ bá fẹ́ mú ọmọ kúrò ní oṣù Keje, ìwé yín gbọ́dọ̀ ti dé ọwọ́ wọn kí táàmù tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹrin. Bó bá fi ọjọ́ kan pẹ́, ẹ máa san owó táàmù tó tẹ̀ lé e, ọmọ ì báà má fi ẹsẹ̀ tẹ ibẹ̀ mọ́. Ẹ lè ti sọ ọ́ fún tíṣà kíláàsì lẹ́nu, kò kà. Ó máa ń kan ẹni tó ti gba àyè tó wá yí ọkàn padà kí ọmọ tó wọlé pàápàá. Mo ti rí òbí tó ń sunkún ní iwájú tábìlì mi lórí èyí.

Ìkejì, bí ẹ̀yin méjèèjì bá fọwọ́ sí i, gbogbo gbèsè náà ló wà lọ́rùn ẹnì kọ̀ọ̀kan yín. Kò sí pé "mo ti san ìdajì tèmi".

Ìkẹta, VAT, owó orí tí ìjọba ń gbé lé ọjà àti iṣẹ́. Láti ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní 2025 ni ìjọba ti fi ìdá 20 nínú 100 lé owó ilé-ìwé aládàáni. Táàmù tí wọ́n kọ £8,000 sí, £9,600 ló máa jáde lápò. Ẹ bèèrè bóyá iye tí wọ́n kọ sínú lẹ́tà bursary ti ní VAT nínú tàbí kò ní. Ẹ tún bèèrè ohun tí bursary kò gbé: oúnjẹ ọ̀sán, bọ́ọ̀sì ilé-ìwé, ìrìn-àjò kíláàsì, aṣọ. Ọdọọdún ni ọ̀pọ̀ ilé-ìwé máa ń tún owó tó ń wọlé fún yín yẹ̀ wò, nítorí náà bí ẹ bá ń ṣe overtime, ẹ má jẹ́ kó bá yín lójijì.

Tíṣà Kent

Mo fẹ́ fi ọ̀kan kún un, ibi tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ ìdáàbòbò ọmọ. Àwa Yorùbá máa ń fò ó. Wọ́n ti fòfin de pàṣán ní ilé-ìwé ìjọba láti 1987, ti aládàáni ní England tẹ̀ lé e ní 1999, nítorí náà kò sí tíṣà tó máa na ọmọ yín, ẹ má sì sọ fún tíṣà pé "ẹ bá mi nà án", kódà kẹ́ ẹ máa ṣeré. Á kọ ọ́ sílẹ̀. Bí ọmọ bá sọ fún mi pé wọ́n nà án nílé, mi ò lè ṣe ìlérí fún un pé n ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó di dandan kí n gbé e lọ bá ẹni tó ń rí sí ìdáàbòbò ọmọ ní ilé-ìwé. Scotland ti fòfin de kí òbí na ọmọ láti 2020, Wales láti 2022. England kò tíì ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n bí àpá bá fi lè hàn, ọ̀rọ̀ ti kúrò lọ́wọ́ yín.

Ìyá Ìkòròdú

Ẹ̀yin ará London, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ilé-ìwé ọkùnrin kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sí wa lọ́rùn, CMS Grammar School ti wà ní Èkó níbí láti 1859. Bọ́díńgì tí ọmọ tèmi wà, àdá, ìgbálẹ̀, korobá, fóòmù, gàárì, Milo, gbogbo ẹ̀ ni mo rù. Fóònù? Bí wọ́n bá rí i lọ́wọ́ rẹ̀, ó di ìparí ọdún. Orí rẹ̀ ń dán bí àwo. Ẹ ní nọ́mbà 2 ń dà yín láàmú!

Bàbá Àkọ́bí, Thamesmead

Ìyá Ìkòròdú, ẹ pa mí lẹ́rìn-ín nínú ọkọ̀ 😂

Ẹ ṣeun gbogbo yín. Akọ̀wé Owó, Ọlọ́run á dá yín lóhùn, ìyàwó mi ti gbé báírò sílẹ̀. A ti kọ̀wé sí ọ́fíìsì owó lórí VAT yẹn.

Ìyá wa ní Catford, mo ti kọ ímeèlì fún ọ̀gá ilé-ìwé lórí ìrìn-àjò. Òyìnbó ni mo fi kọ ọ́, ìtúmọ̀ rẹ̀ rèé, ẹ bá mi wò ó: "Ọ̀gá wa ọ̀wọ́n, mo kí yín, mo kí ìdílé yín, mo sì gbàdúrà pé kí Ọlọ́run túbọ̀ máa fún yín ní ọgbọ́n láti máa darí ilé-ìwé ńlá yìí. Nítorí ọ̀rọ̀ pàjáwìrì ìdílé tó ṣẹlẹ̀ sí wa ní Nàìjíríà, ọmọ wa kò ní lè wá ní Ọjọ́bọ̀ àti Jímọ̀ tó kẹ́yìn táàmù. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ojú àánú wò wá."

Ìyá Ọmọkùnrin Mẹ́ta, Catford

Ẹ yọ àdúrà kúrò. Ẹ yọ ojú àánú kúrò. Ẹ tètè yọ pàjáwìrì kúrò! Ọjọ́ ìbí tí a mọ̀ láti 80 ọdún sẹ́yìn, báwo ló ṣe di pàjáwìrì? Ọmọ yín á padà dé ní oṣù Kìíní, á fi fọ́tò aṣọ ẹbí han gbogbo kíláàsì, ẹ̀yin á sì ti di onírọ́.

Báyìí ni kẹ́ ẹ kọ ọ́: bàbá mi máa pé 80 ọdún lọ́jọ́ báyìí-báyìí ní Abẹ́òkúta, ọmọ wa ni àkọ́bí ọmọ-ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, a ń tọrọ ààyè fún Ọjọ́bọ̀ àti Jímọ̀, á ṣe iṣẹ́ ọjọ́ méjèèjì kó tó lọ. Ó tán. Ìlà mẹ́rin. Kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ ní ọ̀sẹ̀ kejì tó bá wọlé, kó tó di pé ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì. Bí ẹ bá ti ra tíkẹ́ẹ̀tì kẹ́ ẹ tó bèèrè, wọ́n á mọ̀ pé ẹ ò tọrọ nǹkan kan.

Wọ́n lè kọ̀ o. Bí wọ́n bá kọ̀, ẹ má bá wọn jà. Ọ̀pọ̀ ilé-ìwé yìí ló máa ń pa ní ọ̀sán lọ́jọ́ tó kẹ́yìn táàmù. Ọkọ̀ òfúrufú alẹ́ wà láti Heathrow, kò ju wákàtí mẹ́fà àti díẹ̀ lọ, ẹ ti wà ní Ìkẹjà kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa ní Sátidé. Ẹ gba ọ̀nà Ṣágámù, tàbí Ọ̀tà bí ẹ bá nígboyà. Ìwé ìpè á sọ pé aago mẹ́wàá, ẹ̀yin náà mọ ìgbà tí àwọn onílù máa dé.

Bàbá Àkọ́bí, Thamesmead

Ha! Ìyá wa, ẹ ti yanjú ẹ̀. N ò rò ó dé ibẹ̀ rárá. Mo ti tún ímeèlì yẹn kọ, mo máa tọ́jú ẹ̀ pamọ́ di oṣù Kẹsàn-án.

Ìbéèrè kan ló kù, ẹ má bínú. Nínú ìwé aṣọ, wọ́n kọ ohun ìdáàbòbò eyín (gumshield) fún rugby. Ọ̀dọ̀ dókítà eyín ló ti wà ni tàbí ọjà? Orúkọ rẹ̀ ní gígùn sì ni Olúwafẹ́rànmí, wọ́n ní ká rán orúkọ mọ́ gbogbo aṣọ, títí kan ìbọ̀sẹ̀.

Ìyá Ọmọkùnrin Mẹ́ta, Catford

Ọjà ni, ní ìsọ̀ eré ìdárayá. Èyí tí wọ́n máa ń kì bọ omi gbígbóná tí ọmọ á wá gé e jẹ kó bá eyín rẹ̀ mu. Ẹ ra méjì, torí á gbàgbé ọ̀kan sínú bọ́ọ̀sì. Ẹ má lọ ra kóòtù tuntun ní ìsọ̀ tí wọ́n júwe fún yín o. Ẹgbẹ́ àwọn òbí máa ń ta àlòkù tó mọ́ tónítóní ní òpin táàmù ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ bi ọ́fíìsì ọjọ́ tó bọ́ sí, kẹ́ ẹ sì dé ibẹ̀ ní kùtù. Ẹ ra èyí tó tóbi díẹ̀, wọ́n máa ń ga lójijì ní Year 8.

Ti orúkọ, lẹ́tà àkọ́kọ́ àti orúkọ bàbá ti tó lára ìbọ̀sẹ̀. Ṣùgbọ́n lára kóòtù, ẹ kọ ọ́ ní kíkún, kí wọ́n kọ́ bí wọ́n ṣe ń pè é.